Lẹ́tà Yorùbá àti Àwòrán nínú Ìrántí Ẹ̀rọ Ìfihàn Kékeré

Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fi ọ̀rọ̀ han ènìyàn ti pọ̀ láàrin wa lónìí ju bí a ti ń fura lọ. Mítà iná tí a ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó tan iná jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rọ POS tí a fi ń gba owó lẹ́bàá ọjà jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá, ẹ̀rọ tí ń fa epo sínú ọkọ̀, àti àpótí tí ń ṣọ́ bátìrì iná oòrùn, ojú ni gbogbo wọn ní, ojú náà sì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ojú yìí tó lè sọ̀rọ̀, ibì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ níbi tí a kó ìrísí lẹ́tà àti àwòrán pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni a ń pè ní ìrántí ẹ̀rọ, tàbí mẹ́mọ́rì gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè é. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè dé ojú, bí ó ti wù kí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà gbọ́ èdè tó.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni fi kan akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá. Nígbà tí a bá yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwíjàre tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àyè kò sí. Àwíjàre náà dùn létí, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré kò lè ní àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n àyè jẹ́ ohun tí a lè wọ̀n. Bí a bá sì wọ̀n ọ́n, a ó rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú àwíjàre yìí fún irú ẹ̀rọ kan, àti pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ tí ó lè gba àwòrán aláwọ̀.

Kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Òkè-Bùkún wà ní ilẹ̀ Bùnú, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà àti Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Àwọn ará Bùnú jẹ́ ara àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Òkun, pẹ̀lú àwọn Òwé, Ìjùmú àti Yàgbà. Wí pé a fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn máa kí àlejò pé: Ẹ káàbọ̀ sí Òkè-Bùkún. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Síbẹ̀, bí a bá yọ àmì kúrò lára orúkọ ìlú náà, Oke ni yóò kù, àlejò tí kò bá gbọ́ orúkọ náà rí kò sì ní mọ̀ bóyá òkè tí a ń gùn ni, tàbí ọ̀kẹ́ tí àwọn baba wa fi ń ka owó ẹyọ, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 20,000. Orúkọ tí a ń pe gbogbo ẹ̀yà náà pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí: okun ni agbára, okùn ni a fi ń di ẹrù, òkun sì ni omi ńlá tí ilẹ̀ Bùnú jìnnà sí. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ sọ fún aláìsàn pé kí ó lo oògùn ní ìgbà méjì lóòjọ́, tí kò sì ní àmì, igba meji ni yóò kọ. Ẹni tí ó bá sì mọ òǹkà Yorùbá mọ iye tí igba méjì jẹ́.

Ẹ̀rọ ìfihàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́ta. Èkíní ni ojú fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ kóró ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní píksẹ̀lì, tí a tò ní ìlà-ìlà bí ebè inú oko. Èkejì ni ọpọlọ kékeré tí ń pàṣẹ fún kóró kọ̀ọ̀kan pé kí ó tàn tàbí kí ó kú. Ẹ̀kẹta ni ìrántí, oríṣi méjì sì ni òun náà. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a lọ pẹ̀lú. Òun ni ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, a ó sì máa pè é ní ìrántí ojú iṣẹ́. Èkejì ń di ohun tí a fún un mú bí iná tilẹ̀ lọ fún ọdún kan gbáko. Ibẹ̀ ni a ń kó fáìlì sí, a ó sì máa pè é ní ìrántí àká. Fáìlì tí a ń kó síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fọ́ǹtì tàbí àwòrán. Fọ́ǹtì ni àkójọ ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rọ kò mọ ohùn, kò sì mọ ìtumọ̀. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán kékeré tí a fi kóró ìmọ́lẹ̀ yà. Báìtì ni a fi ń wọn àyè. Báìtì kan dà bí ìlà tí ó ní ojúlé mẹ́jọ, tí a lè kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, báìtì kan lè rántí kóró ìmọ́lẹ̀ mẹ́jọ tí kò ní àwọ̀.

Ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tí àyè rẹ̀ há jù. Láti àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Hitachi ti orílẹ̀-èdè Japan ti ṣe ọpọlọ ìfihàn kan tí a mọ̀ sí HD44780, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀ títí di òní. Òun tàbí irú rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró tí ó ní ìlà méjì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 16. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Fọ́ǹtì tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa á rẹ́. Oríṣi méjì tí ó gbajúmọ̀ ni: ọ̀kan fún àwọn ará Japan, tí a fi lẹ́tà kátákánà tiwọn kún, àti ọ̀kan fún àwọn ará Yúróòpù. Nínú ti Japan, kò sí à, kò sí á, kí a má tilẹ̀ tíì dárúkọ ẹ àti ọ. Àyè kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya lẹ́tà tirẹ̀ jẹ́ báìtì 64, nínú ìrántí ojú iṣẹ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 8. Lẹ́tà mẹ́jọ péré, ó tán.

Mélòó ni Yorùbá nílò? Bí a bá gba àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ti wà, ohun tí a ní láti fi kún un nínú lẹ́tà kékeré ni à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú, tí wọ́n jẹ́ mẹ́wàá; ẹ, ẹ̀, ẹ́, ọ, ọ̀, ọ́, tí wọ́n jẹ́ mẹ́fà; ṣ, tí ó jẹ́ ọ̀kan; àti aránmúpè aṣesílébù, ń, ǹ, ḿ, m̀, tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 21. Bí a bá ka lẹ́tà ńlá mọ́ ọn, ó di 42. Kò sí bí a ó ti ṣe é tí 42 yóò fi wọ inú ojúlé mẹ́jọ. Níhìn-ín ni àwíjàre àìsí àyè ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo lẹ́tà èdè ni gbólóhùn kan ń lò. Bí a bá wo ìkíni àpẹẹrẹ wa, Ẹ káàbọ̀ sí Òkè-Bùkún, lẹ́tà alámì tí ó wà nínú rẹ̀ ni Ẹ, á, à, ọ̀, í, Ò, è, ù àti ú. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọ̀kan péré ni ó fi ju àyè lọ! Ẹni tí kò bá fẹ́ ronú yóò yọ gbogbo àmì dànù nítorí ẹyọ kan yìí. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀rọ yóò fi ìlà kìíní hàn lọ́tọ̀, nítorí lẹ́tà alámì márùn-ún péré ni ó ní. Yóò pa á rẹ́, yóò ya mẹ́rin ti ìlà kejì sínú ojúlé kan náà, yóò sì fi òun náà hàn. Kò gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí ìlà kìíní ṣì wà lójú, nítorí bí a bá ti yí àwòrán inú ojúlé kan padà, gbogbo ibi tí lẹ́tà náà wà lójú ẹ̀rọ ni yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí Ẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni yóò fi ṣàdéédé di Ò.

Ọ̀nà kẹta wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ èdè nìkan ni yóò rí i. Káàbọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Kú àbọ̀ ni ó súnkì di káàbọ̀, tí fáwẹ̀lì kan jẹ èkejì run. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí a kọ Ẹ kú àbọ̀ sí Òkè-Bùkún, á yóò kúrò, ú yóò sì rọ́pò rẹ̀. Ú sì ti wà nínú Bùkún tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà alámì wá di Ẹ, ú, à, ọ̀, í, Ò, è àti ù. Mẹ́jọ gérégé. Ìlà kìíní gba àyè lẹ́tà 11, ìlà kejì gba 9, kò sí èyí tí ó dé 16. Gbogbo ìkíni náà bọ́ sójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó yẹ kí onímọ̀ èdè jókòó ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí a tó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe kí a wá pè é nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Yíya àwọn lẹ́tà náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ojúlé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kóró márùn-ún ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. Lẹ́tà kékeré bí o gba ìlà márùn-ún. A ó fi méjì sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn, ọ̀kan lábẹ́ fún àmì ìsàlẹ̀. Ó pé mẹ́jọ, kò sì ṣẹ́ kù. Àmì ìsàlẹ̀ yóò fara kan lẹ́tà gan-an, yóò sì dà bí ìlà kékeré òòró tí a fi ń sí abẹ́ lẹ́tà nínú àwọn ìwé àtijọ́, èyí tí kò burú lójú ẹni tí ó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni ó le. Ìlà méje ni ó ń gbà. Nítorí náà Ẹ lásán rí àyè fún àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ò gbọ́dọ̀ tẹ orí ba di ìlà mẹ́fà kí àmì ohùn tó lè rí ibi jókòó. Bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí tún lè béèrè fún oríṣi ti Yúróòpù. À, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú ti wà nínú rẹ̀, ti ńlá àti ti kékeré. Ohun tí yóò kù láti yà nínú lẹ́tà kékeré ni ẹ, ẹ̀, ẹ́, ọ, ọ̀, ọ́ àti ṣ. Méje ni wọ́n, ojúlé kan sì ṣì ṣófo fún ń tàbí fún lẹ́tà ńlá tí a bá bá pàdé. Ìbéèrè kan péré nígbà tí a ń rajà ló fa ìyàtọ̀ yìí.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ oníná. Nígbà tí Henry Townsend ń tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta láti 1859, òjé ni a fi ń rọ lẹ́tà, inú àpótí alájùmọ̀ṣe ojúlé kéékèèké ni a sì ń tò wọ́n sí. Lẹ́tà alámì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ òjé tirẹ̀, ó ní ojúlé tirẹ̀, owó tirẹ̀ sì ni a fi rà á. Àmì mú àpótí tóbi nígbà náà ní tòótọ́. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn jẹ́ àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé orí ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ ní 1965 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn kan ṣì ń fi ìṣirò àpótí òjé wọn ẹ̀rọ òde òní.

Kí a wá wo ẹ̀rọ òde òní náà. Irú èyí tí ó kéré jù nínú àwọn tí ó lè ya àwòrán ní kóró 128 ní ìbú, 64 ní òòró, kò sì ní àwọ̀. Kóró 8,192 ni, tí a pín sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ó di báìtì 1,024. Ìyẹn ni pé àwòrán tí ó kún ojú rẹ̀ ń gba báìtì 1,024, ìbáà jẹ́ àwòrán igi tàbí ti ojú òfìfo. Ọpọlọ kékeré tí a ń pè ní Arduino Uno, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́, ní báìtì 2,048 péré ní ìrántí ojú iṣẹ́; àwòrán kan ṣoṣo ti gba ìdajì. Bí a bá dé orí ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ tí ó ní kóró 240 ní ìbú àti 320 ní òòró, tí kóró kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 2 nítorí àwọ̀, àwòrán kan di báìtì 153,600. Kò sí bí èyí yóò ṣe wọ ìrántí ojú iṣẹ́ irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Inú ìrántí àká ni yóò máa wà, tí a ó máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sójú.

Fọ́ǹtì ńkọ́? Kí a fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóró 16 ní ìbú àti 24 ní òòró, tí ojú àgbàlagbà lè kà láìsí ìnira. Báìtì 48 ni lẹ́tà kan. Lẹ́tà, òǹkà àti àmì Gẹ̀ẹ́sì tí kọ̀ǹpútà ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 95. Wọ́n gba báìtì 4,560. Àwọn lẹ́tà Yorùbá 42, àti àmì náírà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, gba 2,064. Àpapọ̀ fọ́ǹtì tí ó pé fún Yorùbá jẹ́ báìtì 6,624. Ẹ fi èyí wé 153,600. Nínú àyè tí àwòrán kan ṣoṣo ń gbà, irú àmì ilé iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ojú ẹ̀rọ lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan án, fọ́ǹtì Yorùbá 23 lè jókòó, kí àyè sì tún ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ní àyè fún àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ní òun kò ní àyè fún ẹ àti ọ, kì í ṣe àyè ni kò ní.

Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí fọ́ǹtì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní láti ya ẹ́ ní odindi. A lè ya àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ máa gbé wọn lé lẹ́tà lórí nígbà tí ó bá ń kọ̀wé. Nítorí pé orí lẹ́tà ńlá ga ju ti kékeré lọ, àmì ohùn méjèèjì nílò ẹ̀dà tirẹ̀ fún lẹ́tà ńlá. Í àti ì sì nílò i tí kò ní àmì lórí, kí àmì méjì má baà máa jà lórí kan. Ìrísí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, báìtì 288. Ẹ̀rọ yóò ṣe iṣẹ́ díẹ̀ sí i lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tó ohun tí ojú ènìyàn lè fura sí.

Ibi tí àwọn tí ń ṣe irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣìnà ni ti kóòdù. Lóde òní, gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà nínú ètò tí a ń pè ní Unicode. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. A gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ẹ, kí a sì kọ nọ́ńbà àmì ohùn tẹ̀lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ pé àmì náà ti lẹ́tà tí ó ṣáájú ni yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá. Èyí tí kò bá ní ìrísí náà rárá yóò fi àpótí òfìfo hàn. Àwọn oníṣẹ́ ń pe àpótí náà ní tófù, ibẹ̀ ni Google sì ti mú orúkọ Noto fún àkójọ fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ayé, pé kí tófù má sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ kan náà ni a lè kọ ní ọ̀nà mẹ́ta: ẹ pẹ̀lú àmì ohùn, e pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, tàbí é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Nínú ètò UTF-8 tí a fi ń tọ́jú ìwé, èkíní gba báìtì 5, èkejì 5, ẹ̀kẹta 4. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ ní ọ̀nà kìíní kò ní jáde bí a bá wá a ní ọ̀nà kẹta. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a yí gbogbo ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà kan kí ó tó wọ inú àká. Unicode ní ìlànà fún èyí, ọ̀nà kìíní sì ni ó ń mú jáde bí a bá tẹ̀ lé irú rẹ̀ tí a ń pè ní NFC.

Àwọn kan a máa sá fún gbogbo wàhálà yìí nípa yíya ọ̀rọ̀ náà bí àwòrán. Wọn a kọ ọ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a sì gbé àwòrán sínú ẹ̀rọ. Ó máa ń dára lójú. Ṣùgbọ́n ìkíni wa, Ẹ kú àbọ̀ sí Òkè-Bùkún, jẹ́ báìtì 34 bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ìwé. Bí a bá yọ gbogbo àmì rẹ̀, yóò di 21. Owó orí gbogbo àmì náà, báìtì 13! Bí àwòrán aláwọ̀ tí ó kún ojú, ìkíni kan náà di 153,600. Bí a bá sì fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, àfi kí a tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku bí a ó ti to nǹkan sínú àká. Àká inú irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń jẹ́ ìrántí tí a pín sí yàrá-yàrá, tí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4,096. A lè kọ báìtì kan ṣoṣo sínú yàrá tí ó ṣófo, ṣùgbọ́n a kò lè pa báìtì kan ṣoṣo rẹ́. Odindi yàrá ni a ń gbá mọ́. Yàrá náà sì ń gbó: èyí tí ó wọ́pọ̀ ṣeé gbá mọ́ ní nǹkan bí ìgbà 100,000 kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí fáìlì méjì jọ wà nínú yàrá kan bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èyí tí a ó máa pààrọ̀. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kì í kó èébù mọ́ iṣu tí a ó jẹ. Fọ́ǹtì ni èébù. A ń kó o sí ìdí àká, ọwọ́ kì í sì í kàn án lójoojúmọ́. Àwòrán ni iṣu jíjẹ, tí ń wọlé tí ń jáde, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tirẹ̀.

Bí a bá mú àká tí ó gba báìtì 4,194,304, tí kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n lọ́jà, yàrá 1,024 ni ó ní. A ó fi ọ̀kan ṣe ìwé atọ́ka, níbi tí a kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, yàrá tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti gígùn rẹ̀ sí. Fọ́ǹtì Yorùbá wa, báìtì 6,624, yóò gba yàrá méjì. Àwòrán aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba yàrá 38. Bí a bá pín ìyókù, àwòrán 26 ni yóò wọlé. Kí a wá sọ pé ẹnì kan yọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá kúrò nínú fọ́ǹtì kí ó lè rí àyè. Fọ́ǹtì rẹ̀ di báìtì 4,560. Kò wọ yàrá kan, nítorí ó ju 4,096 lọ. Yàrá méjì náà ni yóò gbà. Àwòrán tirẹ̀ náà 26. Kò jèrè yàrá kan, kò jèrè àwòrán kan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó lé lẹ́tà Yorùbá kúrò nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé ibẹ̀.

Ẹni tí àyè bá há fún ní tòótọ́, ara àwòrán ni kí ó ti dín in. Àmì ilé ẹ̀kọ́ tàbí àsíá ìlú kì í ní ju àwọ̀ díẹ̀ lọ. Bí a bá fi àwọ̀ 16 mọ, tí a kọ àkọsílẹ̀ àwọn àwọ̀ náà sí orí fáìlì, kóró méjì yóò jọ lo báìtì kan, àwòrán tí ó ti jẹ́ 153,600 yóò sì di 38,432. Yàrá 10 ni yóò gbà dípò 38, àká kan náà yóò sì gba àwòrán 102. Ibi tí èrè wà nìyẹn.

Ìṣọ́ra kan kù, pàápàá jù lọ níbi tí iná ti máa ń lọ láìdágbére. A kì í gbá yàrá fọ́ǹtì àtijọ́ mọ́ kí a tó kọ tuntun sínú rẹ̀, nítorí bí iná bá lọ láàrin, ẹ̀rọ yóò jí láìní lẹ́tà kankan tí yóò fi sọ ohun tí ó ṣe é. Inú yàrá mìíràn tí ó ṣófo ni a ń kọ fọ́ǹtì tuntun sí. A ó kà á padà, a ó sì fi gbogbo lẹ́tà 42 hàn lójú ẹ̀rọ, kí ẹni tí ó mọ̀wé Yorùbá wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kí ó rí i pé ìlà tí ó wà lábẹ́ kò gé àmì ìsàlẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó tó yí ìwé atọ́ka padà. Ìwé atọ́ka náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà méjì nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a kọ nọ́ńbà sí lára. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù, tí ó sì pé, ni ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé nígbà tí iná bá dé.